Túùbù 6146 ń pọ́n bí ẹyín iná: ṣé túùbù ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, mo ra ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àtijọ́ kan ní ọjà àlòkù tí wọ́n máa ń pàtẹ ní Xenia, ní ìpínlẹ̀ Ohio, nígbà àpéjọ ọdọọdún àwọn oní-ham, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló ṣe é. Ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, ó sì fi pẹ́ńsù kọ 1961 sí abẹ́ irin rẹ̀. Túùbù méjì (gíláàsì olófìfo tó ń sọ ìgbì di alágbára) ló ń ṣiṣẹ́ ìgbì nínú rẹ̀: 6CL6 tí kírísítà 7 MHz, òkúta kékeré tó ń pinnu ìgbì, ń darí, àti 6146 tó ń gbé agbára lọ sí àńtẹ́nà. Mo tan án, iná inú túùbù méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa. Àmọ́ bí mo bá ti tẹ kíì Morse, kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ tí pléètì 6146, irin inú rẹ̀ tó ń gba kọ́rẹ́ǹtì, á fi pọ́n bí ẹyín iná. Mítà gíríìdì rẹ̀ (wáyà inú túùbù tó ń darí kọ́rẹ́ǹtì pléètì) kò kọjá 0.8 mA bó ti wù kí n yí bọ́tìnnì tó, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ẹni tó kàn án fi sínú àpótí ní kí ó tó 2.5 mA. Wọ́n ní 6146 ló ti gbó. Mo ra tuntun, òun náà pọ́n. Wọ́n ní 6CL6 ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ẹlòmíràn tún ní kí n tú gbogbo kapásítọ̀ inú rẹ̀ dànù. Ṣé kí n kúkú pa á tì ni?

* * *

Ìdáhùn

Má pa á tì, àbúrò, ṣùgbọ́n má tún tẹ kíì yẹn mọ́ títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ooru tí pléètì 6146 lè gbà kò ju 25 wáàtì lọ. Nígbà tó bá pọ́n, ohun tó ń gbà ti kọjá ìyẹn, afẹ́fẹ́ tó fara pamọ́ sínú irin pléètì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òfìfo inú gíláàsì á sì bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ṣe é ní ìgbà márùn-ún mẹ́fà sí i, túùbù tuntun tí o fowó rà yóò di ohun tí wọ́n sọ pé ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Àwọn nǹkan méjì tí o kọ ni kí a gbé kalẹ̀ pọ̀: mítà gíríìdì kò dé ibi tó yẹ, pléètì sì ń pọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ń sọ. Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, gíríìdì 6146 kì í ní orísun fólítì nẹ́gátíìfù tirẹ̀. Ìgbì tó ń ti ọ̀dọ̀ 6CL6 wá ni gíríìdì fúnra rẹ̀ ń sọ di kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú rèsísítọ̀ kan lọ sí ilẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì yẹn ló sì ń dá fólítì nẹ́gátíìfù tó ń kó túùbù níjàánu. Bí rèsísítọ̀ yẹn bá jẹ́ 22,000 óòmù, tí mítà sì ka 2.5 mA, ìjánu tó wà lórí gíríìdì jẹ́ fólítì 55. Ní 0.8 mA, kò tó fólítì 18. Kò yẹ kí ẹnu yà wá pé túùbù náà ń sáré àsápajúdé.

Nítorí náà, túùbù kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, ohun tó ń jẹ ìjánu rẹ̀ ni. Jọ̀wọ́, wọn rèsísítọ̀ gíríìdì, kí o sọ iye fólítì tó wà lórí ẹ̀ka ńlá àti ẹ̀ka kékeré, kí o sì fi rédíò mìíràn gbọ́ bóyá kírísítà ń kọrin, ìyẹn bóyá ó ń dá ìgbì, ní 7 MHz.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀, fa wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Pípa bọ́tìnnì iná nìkan kò tó. Wá igi gbígbẹ kan tó gùn tó apá, de wáyà mọ́ orí rẹ̀, kí wáyà náà gba inú rèsísítọ̀ ńlá kan lọ sí irin ẹ̀rọ, kí o sì fi kan orí kapásítọ̀ ńlá, kí o gbé e síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí o tún wá fi mítà wò ó bóyá ó ti di òdo. Òótọ́ ni pé rèsísítọ̀ kan wà tó yẹ kó máa gbẹ iná náà fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Àmọ́ rèsísítọ̀ tó ti ń gbóná láti 1961 lè ti já láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Fólítì 600 kì í fún ènìyàn láyè kó kọ́gbọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí o bá ń wọn nǹkan pẹ̀lú iná lórí, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó máa ṣiṣẹ́, kí ìkejì wà nínú àpò, kí iná má bàa rí ọ̀nà gba àyà rẹ kọjá.

* * *

Mo ti ka èrò àwọn yòókù tó dá ọ lóhùn nínú ìjíròrò yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí.

Àwọn àkọ́kọ́ ní kí a pààrọ̀ túùbù. Mo mọ ìdí rẹ̀: túùbù ṣeé fà yọ, kò sí pé à ń fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ibì kankan, ọjọ́ orí rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n 6146 tó ti gbó kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Àìlágbára ni àmì tirẹ̀. Kátódù rẹ̀ kò ní lè tú kọ́rẹ́ǹtì jáde tó mọ́, pléètì á tutù, mítà pléètì á lọ sílẹ̀, agbára tó ń jáde á dín kù. Túùbù tó ń pọ́n ṣì lókun. Kò rí ẹni mú un ni.

Àwọn kejì ní kí a pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ láì wọn ọ̀kankan. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ààyè kan. Àwọn kapásítọ̀ ńlá olómi tó wà ní ẹ̀ka iná kò yẹ kó pé ọgọ́ta ọdún kí a má pààrọ̀ wọn, àwọn onípépà tí wọ́n fi àtè dì náà sì ti ń jo. Àmọ́ ẹni tó bá tú kapásítọ̀ ogún lẹ́ẹ̀kan náà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àṣìṣe tuntun sílẹ̀ mọ́ ti àtijọ́: wáyà ibí á bọ́ sí ibòmíràn, èyí tó kúrú tẹ́lẹ̀ á gùn. Nínú ẹ̀ka ìgbì, gígùn wáyà náà wà lára iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ lẹ́yìn èyí, kò ní sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣe é.

Àwọn kẹta, tí wọ́n ní kí o máa fi tàràǹsífọ́mà tí a ń yí gbé iná rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, mo máa padà sí ọ̀rọ̀ wọn nísàlẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá

Ẹ̀gbọ́n, rèsísítọ̀ gíríìdì tí wọ́n kọ 22,000 sí lára ka 23,400 óòmù. Ẹ̀ka ńlá jẹ́ fólítì 610, ẹ̀ka kékeré tó ń bọ́ 6CL6 jẹ́ bíi 300. Mo gbọ́ kírísítà ketekete, ohùn rẹ̀ mọ́. Mo tún fi mítà ọwọ́ mi wọn kapásítọ̀ tó so 6CL6 pọ̀ mọ́ 6146, ìyẹn máíkà 100 pF. Mítà ní kò jo rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní máíkà kì í bàjẹ́.

* * *

Ìdáhùn

Ó ṣeun. Bí rèsísítọ̀ gíríìdì bá ti fò sókè gan-an, bí àpẹẹrẹ tó di 60,000, mítà á lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjánu kò ní dín kù rárá, nítorí kọ́rẹ́ǹtì kékeré nínú rèsísítọ̀ ńlá ṣì ń fún wa ní fólítì púpọ̀. Pléètì kò ní torí ìyẹn pọ́n. Tìrẹ sì dára, 23,400 kò burú fún rèsísítọ̀ oníkábọ́ọ̀nù ọjọ́ wọ̀nyẹn. A lè mú ọwọ́ kúrò lórí ìyẹn.

Ó ku ọ̀nà méjì. Ó lè jẹ́ pé ìgbì tó ń ti ọ̀dọ̀ 6CL6 wá kò lágbára, tàbí kó jẹ́ pé ìgbì náà tó, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń da fólítì pọ́sítíìfù lé gíríìdì lórí, tó ń jẹ nẹ́gátíìfù tí ìgbì dá. Èyí kejì ni mo fura sí, nítorí o ti pààrọ̀ 6CL6 tí iye mítà kò sì yí padà.

Wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní apá kan kapásítọ̀ 100 pF yẹn, fólítì 300 ti pléètì 6CL6 wà níbẹ̀. Ní apá kejì, gíríìdì 6146. Iṣẹ́ kapásítọ̀ ni kí ó jẹ́ kí ìgbì kọjá, kí ó sì dí fólítì lọ́nà. Bí ó bá ń jo, kọ́rẹ́ǹtì pọ́sítíìfù á máa yọ́ wọlé sọ́dọ̀ gíríìdì, á sì máa san apá kan lára kọ́rẹ́ǹtì tí gíríìdì ń béèrè, èyí tó yẹ kó gba inú rèsísítọ̀ àti mítà wá. Ìdí nìyẹn tí mítà fi ń ka 0.8, tí ó sì dà bí ẹni pé agbára ìgbì ni kò tó. Mítà náà kò purọ́. Ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá nìkan ló lè kà.

Mítà ọwọ́ rẹ ní kò jo? Fólítì díẹ̀ péré ni mítà ọwọ́ fi ń wọn óòmù. Kapásítọ̀ tó bá jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ fólítì 3 lè máa jo bí agbọ̀n lábẹ́ 300. Inú ẹ̀rọ gan-an, lábẹ́ fólítì tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ni kí o ti wọn ọ́n.

Bí o ṣe máa ṣe é rèé. Pa ẹ̀rọ, fa wáyà kúrò lára ògiri, gbẹ iná inú kapásítọ̀ bí mo ti wí. Já wáyà ẹ̀ka ńlá fólítì 610 kúrò pátápátá, kí o sì fi rọ́bà dì í lórí, nítorí bí o bá yọ fìlà orí 6146 láì já wáyà yẹn, fìlà náà á máa rọ̀ dirodiro pẹ̀lú ikú lẹ́nu. Fa 6146 jáde, fa 6CL6 jáde. Gbé ẹsẹ̀ mítà dúdú so mọ́ irin ẹ̀rọ, so pupa mọ́ ihò karùn-ún ní ìjókòó 6146, nítorí ẹsẹ̀ 5 ni gíríìdì rẹ̀. Yí mítà sí fólítì DC. Mú ọwọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ni kí o tan iná.

Kò sí túùbù, kò sí ìgbì. Bí kapásítọ̀ náà bá dára, òdo ni mítà gbọ́dọ̀ kà. Bí ó bá ka pọ́sítíìfù, o ti mú olè náà nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

* * *

Títí yóò fi padà dé, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tàràǹsífọ́mà tí a ń yí lóhùn.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ rédíò, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún àwọn rédíò onípákó ńlá ṣe. Fáàfù la máa ń pe túùbù nígbà náà. Ọ̀gá mi kò ní tàràǹsífọ́mà tí a ń yí. Gílóòbù 100 wáàtì ló máa ń so sáàárín ògiri àti rédíò tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó sì wá rẹlẹ̀, á fọkàn balẹ̀. Bí ó bá mọ́lẹ̀ gbòò tí kò sì padà, á pa á kíákíá, nítorí nǹkan kan ti fara kan òmíràn nínú rẹ̀. Mo ṣì ń lo gílóòbù náà ní ilé mi ní Amẹ́ríkà títí di òní, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju tàràǹsífọ́mà tí a ń yí lọ, nítorí ó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó dé ibi bọ́tìnnì.

Àwọn tó ní kí a máa gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀ ní kí kapásítọ̀ ńlá lè padà bọ̀ sípò. Ó ṣeé ṣe nínú ẹ̀rọ tó ní dáyóòdù sílíkọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ bíi Heathkit DX-100, ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àtijọ́ tí ẹni tó rà á máa ń tò fúnra rẹ̀, tí túùbù 5R4GY ń sọ iná di DC nínú rẹ̀, kátódù túùbù náà gbọ́dọ̀ gbóná kí ohunkóhun tó kọjá. Bí ẹ bá ń yí bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀, kapásítọ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Ìgbà tí túùbù bá wá gbóná tó, fólítì púpọ̀ á já lù wọ́n lójijì. Ohun tí ẹ rò pé ẹ ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi a máa pààrọ̀ kapásítọ̀ olómi ní ẹ̀ka iná ni, n kò ní bá a ṣàdéhùn. Owó tàràǹsífọ́mà ẹ̀rọ kan tó bá jó pọ̀ ju ti kapásítọ̀ mẹ́rin lọ, tàràǹsífọ́mà mìíràn tó bá a mu sì ṣòro láti rí.

* * *

Ẹni tó béèrè

Fólítì 38, pọ́sítíìfù. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gé ẹsẹ̀ kapásítọ̀ máíkà yẹn ní apá kan, ó di òdo.

* * *

Ìdáhùn

Òun ni. Fólítì 38 lórí 23,400 óòmù jẹ́ 1.6 mA. Da ìyẹn pọ̀ mọ́ 0.8 tí mítà ń kà, ó di 2.4 mA. Ìgbì tí 6CL6 ń gbé wá tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kapásítọ̀ ló ń fi ẹ̀yìn san gbèsè tó yẹ kí rèsísítọ̀ san. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó dà bí ẹni pé rèsísítọ̀ 160,000 óòmù kan jókòó sínú kapásítọ̀ tí a ní kì í bàjẹ́.

Èmi náà ti gbà rí pé máíkà kì í bàjẹ́, mo sì sanwó ìgbàgbọ́ yẹn. Mo ní ẹ̀rọ kan tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko wá àṣìṣe inú rẹ̀, tí mo pààrọ̀ túùbù mẹ́rin, tí mo tún wáyà gíríìdì ṣe lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ojú mi máa ń fo máíkà pupa yẹn dá. Ìgbà tí mo wá fọ́ ọ, mo rí i pé ọ̀rinrin ti wọ etí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde, fàdákà tó wà lójú máíkà sì ti rìn bí gbòǹgbò láti ojú kan dé ìkejì, ó tín-ín-rín bí irun. Máíkà fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó ṣe é. Ìdérí àti fàdákà ni kò lè bá a pẹ́ tó.

Ra máíkà tuntun tó jẹ́ 100 pF, kó lè gba fólítì 1,000. Má fi 500 sí i: fólítì 300 nìkan kọ́ ló máa wà lórí rẹ̀, ìgbì àti ìjánu gíríìdì á tún gun orí rẹ̀. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bíi ti àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí ẹni tó kàn án kò ṣe, tó sì yẹ kí o bá a ṣe. Bí kírísítà bá kọ̀ láti kọrin lọ́la, ìjánu á tún parẹ́, 6146 á tún pọ́n. Àwọn tó ṣe DX-100 ti rò ó: wọ́n fi túùbù 6AQ5 kan ṣọ́ sikíríìnì, gíríìdì kejì inú 6146 tí fólítì rẹ̀ ń ran kọ́rẹ́ǹtì pléètì lọ́wọ́. Bí ìjánu gíríìdì bá ti lọ, 6AQ5 á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kọ́rẹ́ǹtì, á sì fa fólítì sikíríìnì wálẹ̀, tí pléètì á fi dákẹ́. Àwọn kan nínú ìjíròrò yìí ní rèsísítọ̀ kátódù tó. Ó tó fún ààbò díẹ̀, àmọ́ ó ń gba fólítì lọ́wọ́ pléètì nígbà gbogbo tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, nígbà tí 6AQ5 ń dúró jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ wàhálà. Ti 6AQ5 ni èmi fara mọ́.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé ṣé òun lè fi 6146B rọ́pò. Ó wọ ìjókòó kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ bára mu, pléètì rẹ̀ sì lè gba ooru jù ti 6146 lọ, tó 35 wáàtì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbejì. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan tí a ṣe fún 6146, ó máa ń ṣòro láti dá ìgbì tó ń yọ́ láti pléètì padà sí gíríìdì dúró bí a bá fi B sí i, ẹ̀rọ á sì máa dá kọrin láìsí kírísítà. Ẹ tún ìdọ́gba tó ń dá ìgbì tó ń yọ́ padà yẹn dúró ṣe kí ẹ tó gbé iná ńlá lé e. Iná inú rẹ̀ náà ń gba 1.125 A dípò 1.25 A, èyí tó já mọ́ nǹkan bí ẹ bá so túùbù méjì tẹ̀ léra lórí fólítì 12 tí ọ̀kan sì jẹ́ B. Ẹ má da wọ́n pọ̀ níbẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè

Ẹ̀gbọ́n, ó ti sọ̀rọ̀! Mítà gíríìdì dé 2.6 mA. Mo so ó mọ́ rèsísítọ̀ 50 óòmù dípò àńtẹ́nà. Bí mo ṣe ń yí kọ́ńdẹ́ńsà pléètì, mítà pléètì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ dé 40 mA, lẹ́yìn náà mo gbé ẹrù lé e títí tó fi dé 120. Mo pa iná yàrá láti wo pléètì: ó dúdú bí òru. Ṣé kí n gbé e lọ sí 150?

* * *

Ìdáhùn

Fi sí 120. Fólítì 610 ní 120 mA jẹ́ 73 wáàtì ní ẹnu ọ̀nà, mo sì rò pé mo mọ ìdí tí ẹni tó kàn án fi yan iye yẹn. Ní 1961, ẹni tó bá ní ìwé-àṣẹ Novice, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ham, ní Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ kọjá 75 wáàtì, kírísítà sì ni òfin ní kó lò. Ọdún 1972 ni wọ́n tó gba kírísítà yẹn lọ́rùn wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ ni o rà, tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn dé etí òfin gẹ́lẹ́. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nǹkan méjì ló kù kí o tó gbé e lọ sórí àńtẹ́nà. Wáyà ògiri rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ìkẹta so mọ́ irin ẹ̀rọ, kí o sì fi fíúsì sí ojú wáyà tó ń gbé iná wọlé. Lẹ́yìn náà, wọn rèsísítọ̀ tó ń gbẹ kapásítọ̀ ńlá, kí o kọ iye tó kà síbí fún wa.